Ṣé Ká Gba Káàdì Gbèsè Torí Tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Oregun, ẹ ń bi wá bóyá kí ẹ gba káàdì gbèsè láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Dubai àti China. Owó báńkì lẹ fẹ́ ná yẹn o! Bí ẹ ò bá san án tán lọ́jọ́ àdéhùn, èlé bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ gbèsè dọ́là, ẹ rántí bí náírà ṣe já wálẹ̀ ní June 2023.

Káàdì náírà ńkọ́? Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ní kò gbọdọ̀ ná ju $20 lọ lóṣù lókè òkun. Kí ni $20 fẹ́ rà?

Ní tiwa, ẹ fi náírà ra tíkẹ́ẹ̀tì níbí. Fún òtẹ́ẹ̀lì, káàdì dọ́là tó so mọ́ owó tí ẹ ti fi pamọ́ tó.