Ṣé o mọ̀? Bí owó páńẹ́ẹ̀lì sólà ṣe wálẹ̀

• Lọ́dún 1976, owó páńẹ́ẹ̀lì tó ń mú iná wáàtì kan ṣoṣo wá ju 100 dọ́là lọ, ní ìṣirò owó 2019. Nígbà tó fi di 2019, kò tó ààbọ̀ dọ́là mọ́.

• Bí iye páńẹ́ẹ̀lì tí ayé ti ṣe jáde bá ti di ìlọ́po méjì, owó rẹ̀ máa ń dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

• Wáyà tí wọ́n lẹ dáyámọ́ńdì wẹ́wẹ́ mọ́ ni wọ́n fi ń la sílíkọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì inú páńẹ́ẹ̀lì báyìí. Ó ń là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó ń ṣòfò sì dín kù.

• Iléeṣẹ́ Auxano Solar l'Ékòó àti NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀, ní Karshi, l'Ábújá, ń to páńẹ́ẹ̀lì ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òkè òkun ni sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti ń wá.

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà, ẹ kọ́ iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì títò. Oòrùn wà nílẹ̀ wa, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló kù.