Ohun tí Egungun Ènìyàn Lè Sọ àti Ohun tí Kò Lè Sọ

Ní oṣù kẹta ọdún 2014, a rí agbárí àti egungun ènìyàn nínú igbó Sókà ní Ìbàdàn, ìlú tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìbéèrè àwọn tí ènìyàn wọn ti sọnù ni pé: ta ló ni egungun wọ̀nyí?

Egungun ìbàdí ni onímọ̀ kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá òkú jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí pé ti obìnrin sábà máa ń fẹ̀ jù. Eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù a máa fi ọjọ́ orí ọmọdé hàn. Gígùn egungun itan a sì máa tọ́ka sí bí ẹni náà ti ga tó.

Síbẹ̀, kò sí èyí tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí orúkọ tó hàn, a gbọ́dọ̀ rí ohun tí a ó fi wé egungun náà: àkọsílẹ̀ oníṣègùn eyín, àwòrán X-ray àtijọ́, tàbí DNA àwọn ìbátan.

Nítorí náà, ẹni tó bá rí egungun ènìyàn lóko kò gbọdọ̀ kó o, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sun ún. Ọlọ́pàá ni kí ó pè. Ẹ̀rí tó bá dàrú lè sọ òkú olórúkọ di aláìlórúkọ, kí àwọn ẹbí rẹ̀ má sì rí i sin.