Fúláàṣì Tí Kò Gba Fáìlì Ńlá: Ẹ Má Tíì Sọ Ọ́ Nù

Ẹ jẹ́ kí a fi ayàfídíò kan ní Surulere ṣe àpẹẹrẹ. Fídíò ìgbéyàwó tó fẹ́ kó fún oníbàárà rẹ̀ jẹ́ 6 GB. Àyè tó ṣófo nínú fúláàṣì rẹ̀ tó 14 GB, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní fáìlì náà ti tóbi jù. Ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé fúláàṣì náà ti bàjẹ́, tí wọn yóò sì lọ ra òmíràn. Kò bàjẹ́ rárá.

Ètò tí fúláàṣì fi ń to fáìlì ló fà á. Ó dà bí ìwé tí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fi ń mọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. FAT32 ló wà lórí ọ̀pọ̀ fúláàṣì. Ọdún 1996 ni Microsoft gbé e jáde, nígbà tí 4 GB ṣì pọ̀ lójú ènìyàn, kò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. NTFS kò ní ìdíwọ́ yìí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Mac kàn lè kà á ni, kì í kọ nǹkan sí i. exFAT, tó jáde ní 2006, ni a dámọ̀ràn, nítorí Windows àti Mac ń lò ó láìsí wàhálà. Ẹni tó jẹ́ pé orin inú ọkọ̀ nìkan ló ń fi fúláàṣì gbọ́ kò ní láti yí tirẹ̀ padà. Rédíò ọkọ̀ mìíràn kò mọ̀ ju FAT32 lọ.

Fọ́máàtì ń nu gbogbo ohun tó wà nínú fúláàṣì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ wò bóyá wọ́n pé. Lórí Windows, ẹ ṣí This PC, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fúláàṣì náà, ẹ yan Format, ẹ mú exFAT lábẹ́ File system, kí ẹ sì tẹ Start. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tún lẹ́tà fúláàṣì náà wò, kí ẹ má baà nu díráífù mìíràn.

Ọ̀nà kan wà tí kì í nu nǹkan: ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ convert E: /fs:ntfs, bí E bá jẹ́ lẹ́tà fúláàṣì yín. NTFS nìkan ni èyí lè sọ ọ́ dà, kò sì sí àṣẹ tí yóò dá a padà sí FAT32 láìnu fáìlì. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, fáìlì lè bàjẹ́. Láńtọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ lò.