Ìdánwò Àwọn Tí Ń Wá Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2014, àwọn ọ̀dọ́ tí iye wọn ju 500,000 lọ jáde káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà láti ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ àjọ tí ń bójú tó wíwọlé àti jíjáde àwọn ènìyàn ní ẹnu-bodè. Ipò tí ó ṣófo kò tó 5,000. Olúkúlùkù ni ó ti san 1,000 náírà kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé. Pápá ìṣeré ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí, nítorí kò sí gbọ̀ngàn tí ó lè gbà wọ́n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó kéré tán ènìyàn 16 ti kú ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, nígbà tí èrò ń rọ́ lu ara wọn ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn aboyún wà lára wọn. Ààrẹ Goodluck Jonathan fagi lé ìdánwò náà, ó sì ṣèlérí pé ènìyàn mẹ́ta nínú ẹbí olúkúlùkù òkú yóò rí iṣẹ́ gbà.

Kí ni ó mú kí iṣẹ́ ìjọba di ohun tí ènìyàn lè kú lé lórí? Ní nǹkan bí ọdún 1955, nígbà tí àwọn òyìnbó ń múra láti fi ipò sílẹ̀, ipò ni ó pọ̀ ju àwọn tí ó mọ̀wé lọ. Yunifásítì kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948. Lónìí yunifásítì ti ju 200 lọ, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde síta. Iṣẹ́ ìjọba kò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ owó oṣù rẹ̀ dájú ju ti ọ̀pọ̀ oníṣòwò lọ, a kì í sì í déédéé lé òṣìṣẹ́ kúrò títí yóò fi pé ẹni 60 ọdún tàbí tí yóò fi lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Ìwé ẹ̀rí ni ó kọ́kọ́ ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀, kì í ṣe ìdánwò. Òfin iṣẹ́ ìjọba ni pé ẹni tí a ó gbà kò gbọdọ̀ kéré sí 18 ọdún, kò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ. Ẹni tí ó jáde ní yunifásítì gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé òun ti sin ilẹ̀ bàbá òun fún ọdún kan, tàbí pé òfin yọ òun sílẹ̀. Bí orúkọ tí ó wà lára ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé gíga bá yàtọ̀ sí ti ìwé ìbí, wàhálà dé. Kí ẹni tí ó bá gbọ́n tún irú èyí ṣe ní ilé ẹjọ́ kí ìkéde tó jáde, nítorí àkókò tí wọ́n fi ń gba ìwé kì í pẹ́.

Ohun kejì kò hàn sí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Láti ìgbà Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1979 ni ó ti di dandan pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti gbogbo apá ilẹ̀ yìí wá. Ní ọdún 1996 ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ọmọ Kánò kò bá ọmọ Ẹ̀kìtì jà rárá. Àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń bá du ipò. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó gba máàkì gíga pàdánù, kí ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré láti ibòmíràn sì wọlé. Àwọn kan ń pe èyí ní ìrẹ́jẹ, àwọn mìíràn ní òun ni ó mú ilẹ̀ yìí dúró pọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ìwọ̀n òtítọ́.

Ní ti ìdánwò fúnra rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ lọ́wọ́ ní ayé àti ìlànà iṣẹ́ ìjọba ni ó sábà máa ń jẹ́, orí kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ nísinsìnyí. Ìṣirò ibẹ̀ kò ju ti ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ. Àkókò ni kò tó. Bí ìbéèrè bá jẹ́ 50 tí wọ́n sì fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú 45, ìbéèrè kan kò ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò ti fi aago ṣíwájú ara rẹ̀ ṣe ìdánrawò yóò jókòó ti ìbéèrè kẹta títí ẹ̀rọ yóò fi pa. Kíka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà dára ju ríra ìwé pẹlẹbẹ ìbéèrè àná tí wọ́n ń tà ní ìta, tí ìdáhùn inú rẹ̀ máa ń ṣì nígbà mìíràn.

Àwọn gbájúẹ̀ náà ń bẹ, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òbí pé àwọn mọ ẹni ńlá. Àjọ tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti kéde lọ́pọ̀ ìgbà pé ọ̀fẹ́ ni ìwé ìwáṣẹ́ òun. Òbí mìíràn a gbọ́, a sì tún ta ilẹ̀.

Ọmọ ìgbèríko ni ó ṣòro fún jù. Òmíràn kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí àfi ní ọjọ́ ìdánwò, òru ni ó sì fi rìn dé ìlú. Ó sàn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ó lọ wo ibi tí yóò jókòó sí àti ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé, kí ó sì mọ èyí tí yóò gbà jáde.