Bí Irun Kíkó Ṣe Ti Kétu Dé Venice

Ní ọdún 2013, wọ́n gbé àwòrán irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà kọ́ sára ògiri ní Venice Biennale, àfihàn iṣẹ́ ọnà tí tòkèèrè-tilé ń rọ́ lọ wò ní Ítálì. Kétu níhìn-ín, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ l'Ékòó, ni J.D. 'Okhai Ojeikere tó ya wọ́n gbé, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè lè sọ pé kámẹ́rà rẹ̀ ló sọ irun di iṣẹ́ ọnà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn onídìrí ló dá àrà. Ohun tí ayàwòrán ṣe, tí kò sì kéré, ni pé kò jẹ́ kí àrà náà ṣègbé.

Ọmọ Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní ni Ojeikere, 1930 ni wọ́n bí i. Ó ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò n'Íbàdàn, ó ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifíṣàn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, kó tó bá West Africa Publicity l'Ékòó ní 1963, níbi tó ti ń ya àwòrán ìpolówó ọjà. Mo rí ọwọ́ iṣẹ́ ìpolówó yẹn nínú àwòrán irun rẹ̀: nǹkan kan ṣoṣo níwájú ògiri tí kò ní ohunkóhun lára, ìmọ́lẹ̀ sì ń fi gbogbo ìlà hàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun ní 1968, ó dá Foto Ojeikere sílẹ̀ ní 1975, àwòrán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yìn orí ló máa ń yà jù. Bí ojú ò ti sí níbẹ̀, irun nìkan lèèyàn ń wò, bí ẹni ń wo ère.

Ẹ wo irun onílé gogoro, kí ẹ rí àrà onídìrí. Onídìrí á fi òòyà là á sí ìdì-ìdì, á wá fi òwú dúdú wé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ṣóńṣó, títí yóò fi le tí yóò dá dúró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tẹ̀ wọ́n síra, tí yóò so wọ́n pọ̀ lókè. Ìṣirò wà níbẹ̀, nítorí bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, gbogbo rẹ̀ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, wọ́n á tú u.

Àwọn kan á ní àṣà àtijọ́ lèyí, pé kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀? Lóòótọ́, ṣùkú ti wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé alájà púpọ̀ ń yọrí l'Ékòó ni onílé gogoro gbòde, afárá Eko Bridge pàápàá di irun tí wọ́n ń kó. Ẹni tó gbé ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sórí èèyàn kì í ṣe ẹni tó kàn ń tún ti ìyá rẹ̀ ṣe. Lásìkò tí wíìgì wà níta, irú irun bẹ́ẹ̀ gba ìgboyà.

Àtakò kejì ló dùn mí jù: orúkọ ayàwòrán kárí ayé, ti onídìrí dà? Fondation Cartier ní Paris ṣe àfihàn rẹ̀ ní 2000, Tam Fiofori ṣe fíìmù nípa rẹ̀, ayàwòrán Medina Dugger sì gbé ọ̀wọ́ àwòrán Chroma jáde láti fi bu ọlá fún un, tòun tàwọ̀ mèremère níbi tí ti ọ̀gá ti jẹ́ dúdú àti funfun. Gbogbo ọlá náà tọ́ sí i. Síbẹ̀, orúkọ irun ló sábà máa ń wà lábẹ́ àwòrán, kì í ṣe orúkọ ẹni tó kó o. Mi ò rò pé ìyẹn ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, torí láìsí i, a ò bá tí rí irun náà rárá. Gbèsè ló fi sílẹ̀ fáwọn tó ń ya oge l'Ékòó lónìí: kí wọ́n kọ orúkọ onídìrí sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un.