Àwọn Onímọ̀ Tí Wọ́n Fi Ilẹ̀ Okun Ṣe Pápá Ìwádìí

Ní ọdún 1854, ìwé ńlá kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Polyglotta Africana ni wọ́n pè é. Sigismund Koelle, ajíhìnrere ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní Fourah Bay ní ìlú Freetown, ló kó o jọ. Ńṣe ló ń pe àwọn ẹrú tí wọ́n ti gba òmìnira jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe orí, omi, iná àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn nílé wọn, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Aku ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ní Freetown nígbà náà. Lára àwọn ẹ̀ka èdè Aku tí Koelle tò sínú ìwé rẹ̀ ni Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú Owé àti Bùnú, ni à ń pè ní Okun, ìyẹn àwọn Yorùbá agbègbè Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ogun àti ìkólẹ́rú ló já àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò nílé, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú agbami. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ẹnu àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú ni ìwádìí èdè ilẹ̀ Okun ti wọnú ìwé, níbi tó jìn réré sí Kàbà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Okun mọ ìtàn yìí.

Láti ìgbà náà, onírúurú onímọ̀ ni wọ́n ti tọ ilẹ̀ yìí wá, tàbí tí wọ́n tinú rẹ̀ jáde: awalẹ̀pìtàn, onímọ̀ èdè, oníṣègùn, amòfin, òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. Ẹnìkan ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹlòmíràn ń ka aṣọ, ẹlòmíràn ń wo omi kànga. Síbẹ̀ ìwádìí ni orúkọ gbogbo rẹ̀, ibi tí ọ̀kan bá sì dé, òmíràn á gbà á níbẹ̀.

Ẹ mú ìṣirò. Àwọn ènìyàn kì í rò pé ìṣirò kan ọ̀rọ̀ baba ńlá ẹni. Ní ọdún 1964, Robert Armstrong, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbé ìwádìí kan jáde níbi tó ti fi iye ọ̀rọ̀ tó bára mu díwọ̀n ìgbà tí àwọn èdè agbègbè wa pínyà. Ọ̀nà ìṣirò náà gbà pé bí ẹgbẹ̀rún ọdún bá kọjá, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 86 ló máa ń ṣẹ́kù fún èdè kan nínú 100 ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀. Bí èdè méjì bá ti pínyà, kálukú á máa sọ tirẹ̀ nù, nítorí náà nǹkan bí 74 ni yóò ṣì bára mu láàárín wọn lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, àti nǹkan bí 55 lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Armstrong fojú díwọ̀n pé ó tó nǹkan bí 2000 ọdún tí Yorùbá àti Ígálà ti pínyà, àti pé ti Yorùbá àti Ìdọmà tó 6000 ọdún.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ni kò fara mọ́ irú ìṣirò yìí, wọ́n sì ní ẹjọ́ gidi láti rò. Gbogbo èdè kọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ nù ní ìwọ̀n kan náà. Àwọn tí wọ́n bá ń bára wọn tajà, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, bíi ti Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lẹ́bàá Odò Ọya àti Ígálà tó wà lódìkejì, á máa yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mú iye ọdún náà bí ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni ibi tó darí ojú wa sí: agbègbè ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Okun gan-an.

Ilẹ̀ ni àwọn tó tẹ̀ lé e lọ bi léèrè. Philip Oyelaran, awalẹ̀pìtàn láti Ìbàdàn, gbẹ́lẹ̀ ní agbègbè Ìffẹ̀-Ìjùmú. Lábẹ́ àpáta Itaakpa, ó rí irinṣẹ́ òkúta, àpáàdì àti egungun ènìyàn. Ọ̀nà tí wọ́n fi mọ ọjọ́ orí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún jẹ́ ti ìṣirò, tí Willard Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí rẹ̀ ní Chicago ní 1949. Gbogbo ohun abẹ̀mí ló ní irú kábọ́ọ̀nù kan nínú tó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ikú; ìdajì rẹ̀ á ti lọ lẹ́yìn nǹkan bí 5730 ọdún. Ẹni tó bá wọn èyí tó kù nínú èédú á mọ ìgbà tí igi náà kú. Ti Itaakpa bọ́ sí nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù.

Èyí túmọ̀ sí pé ènìyàn ti ń gbé Ìjùmú, wọ́n sì ti ń lo ìkòkò, kí ààfin ọba kankan tó di ńlá nílẹ̀ Yorùbá. Ibí ni iṣẹ́ Ade Obayemi ti wọlé. Ọmọ Okun ni, òpìtàn àti awalẹ̀pìtàn tó padà wá di ọ̀gá àgbà àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1976, nínú ìwé ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí J. F. Ade Ajayi àti Michael Crowder ṣe olóòtú rẹ̀, Obayemi kọ orí kan tó yí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ó ní kí àwọn ìjọba ńlá tó dìde, àwọn ìlú kéékèèké tó dá dúró ló pọ̀ jù, kálukú pẹ̀lú olórí tirẹ̀, àti pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣì hàn ketekete nílẹ̀ Okun. Àwọn tí ìwé ìtàn ń fojú ará oko wò tẹ́lẹ̀ wá di ẹlẹ́rìí pàtàkì. Nígbà tí Akinwumi Ogundiran gbé ìtàn Yorùbá tuntun rẹ̀ jáde ní 2020, agbègbè ìpàdé odò méjì náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn baba ńlá Yorùbá.

Àwọn mìíràn fi àwọn alààyè ṣe ìwádìí. Eva Krapf-Askari, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti kọ nípa ètò ìdílé àti oyè láàárín àwọn Owé ti Kàbà ní àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ nípa àṣà, Bùnú ló gba iwájú. Elisha Renne, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé láàárín wọn, ó kọ́ ìhunṣọ, ó sì kọ ìwé kan ní 1995 tó dá lórí aṣọ nìkan: aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ ìsìn, àti aṣọ ìpo pupa tí wọ́n fi ń ṣe òkú àwọn ènìyàn pàtàkì. Láyé àtijọ́, àwọn ahunṣọ Bùnú a máa tú òwú pupa kúrò lára aṣọ òkèèrè kí wọ́n tó fi hun aṣọ tiwọn. Renne kò ka aṣọ sí ọ̀ṣọ́ lásán. Ó fi hàn pé ẹ̀tọ́, ìbátan, oyè àti ìrántí òkú ni wọ́n ń hun pọ̀ mọ́ ọn. Ìwé náà dùn púpọ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ti ìṣègùn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, sòbìà ń dá àwọn àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko, kò sì jẹ́ kí ọmọ lọ síléèwé. Ní Yunifásítì Ìlọrin, Luke Edungbola tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò àìsàn dara pọ̀ mọ́ Susan Watts tó jẹ́ onímọ̀ jọ́gíráfì. Ní 1985 wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde lórí bí sòbìà ṣe tàn kálẹ̀ ní Asà, ní Kwara náà. Kí ni onímọ̀ jọ́gíráfì ń wá nínú ọ̀rọ̀ aràn? Omi adágún tí àwọn ènìyàn ń bù mu ni sòbìà ti ń wọ ara, nítorí náà ẹni tó bá mọ ibi tí abúlé kọ̀ọ̀kan ti ń pọnmi ti mọ ibi tí àrùn wà. Ìkànìyàn àkọ́kọ́ káàkiri Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1980 rí àwọn tó lé ní 650,000 tí sòbìà ń bá jà. Kànga ẹ̀rọ, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àti àwọn tó ń lọ láti abúlé dé abúlé ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 2008 ni a rí ẹni tó ní in gbẹ̀yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Omi náà ló tún so amòfin kan pọ̀ mọ́ ìtàn yìí. Bayo Ojo, ọmọ Ìjùmú tó ti ṣe mínísítà ètò ìdájọ́, jókòó láàárín 2007 sí 2011 nínú ìgbìmọ̀ amòfin 34 tó ń ṣèwádìí òfin àgbáyé fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà parí ní 2008 ni àbá òfin lórí omi abẹ́ ilẹ̀ tí orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ní. Ọ̀rọ̀ ààlà ni èyí náà, àwọn ará Okun sì mọ ohun tí ààlà lè ṣe sí ènìyàn. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ìgbìmọ̀ Henry Willink, tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà tí wọ́n fẹ́ kúrò ní Ẹkùn Àríwá kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, àmọ́ nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1958, ààlà kò yẹ̀.

Lára àwọn òǹkọ̀wé, Olu Obafemi láti Bùnú, tó kọ́ni ní eré oníṣe ní Ìlọrin, gba àmì ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀mọ̀wé ní 2018. Pius Adesanmi ọmọ Ìsánlú kàwé ní Titcombe ní Ẹ̀gbẹ̀, ó gba ẹ̀bùn Penguin fún ìwé Áfíríkà ní 2010, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Carleton ní Kánádà. Jàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú Etiópíà ló pa á ní Oṣù Kẹta 2019. Ikú rẹ̀ ṣì ń dùn wá.

Níbo ni gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí wà lónìí? Seattle ni wọ́n ti tẹ ìwé aṣọ Bùnú. Ìbàdàn ni iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé Oyelaran wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ti wà ní Kàbà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi ìkàwé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀dà ìwọ̀nyí kọ́kọ́ dé, kí a sì túmọ̀ orí tí Obayemi kọ àti ìwé Renne sí Yorùbá, kí ahunṣọ ní Bùnú àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjùmú lè kà á, kí wọ́n sì sọ ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ṣì í gbọ́.