Ẹrẹ̀ Dúdú Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí àti Katakata Kékeré

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí dáadáa, ní agbègbè Ìpóbẹ̀, yóò sọ pé ojú méjì ni ilẹ̀ náà ní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ dúdú wa a gbẹ, a sì sán débi pé ọwọ́ ọmọdé a wọ inú ibi tí ó ti sán. Nígbà òjò, a mu omi, a wú, a sì di ẹrẹ̀ tí ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Láti kékeré ni a ti mọ èyí. Síbẹ̀, ní ìparí oṣù Agẹmọ tí ó kọjá, àwa ọmọ ilẹ̀ náà ni a wa katakata kékeré wọ inú ẹrẹ̀ yìí ní ọ̀sán gangan.

Ọjọ́ kìíní oṣù Ògún, àyájọ́ òmìnira tí orílẹ̀-èdè wa gbà ní ọdún 1960, ku ọjọ́ mẹ́ta péré. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ni a ti máa ń pàdé lọ́jọ́ náà fún ijó àti bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìsinmi, koríko sì ti dé orúnkún. Láyé àtijọ́, gbogbo ilé ni ìbá gbé àdá jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, a lọ bẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ abúlé wa, tí wọ́n ní katakata kékeré kan àti ẹ̀rọ ìgékoríko tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi dá àjọ kí wọ́n tó rà á ní àlòkù. Òun náà ni wọ́n fi ń kó irè jáde láti oko. Ìyá Ẹgbẹ́ fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rántí pé àgbàdo wa ti gbó. Bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ yìí, orí ni a ó fi rù ú.”

Baba àgbà kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní etí pápá. Ó pè wá: “Ẹ fi ọ̀pá gún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀hún wò kí ẹ tó wa ọkọ̀ débẹ̀.” A ní, “A ti gbọ́, Baba.” A gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò ṣe é. Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ojú ilẹ̀ sì ti gbẹ.

Apá òkè pápá lọ geere. Koríko eéran ni ó pọ̀ níbẹ̀. Bí a ti sọ̀kalẹ̀, koríko yí padà: lábẹlábẹ, koríko etí omi tí ń gé ni lọ́wọ́ bí abẹ, ni a bá níbẹ̀, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Ilẹ̀ ń bá wa sọ̀rọ̀, ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí a gbọ́. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún rì. Awakọ̀ wa fi agbára kún un, táyà sì ń yí lójú kan, ẹrẹ̀ ń ta sí wa lára. Kí a tó mọ̀, ikùn katakata ti jókòó sórí ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó fà á. Ilẹ̀ wa jẹ́ apá kan ilẹ̀ kòtò tí a ń pè ní Lama, tí ó la gúúsù Bẹ̀nẹ̀ kọjá láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Èdè Potogí ni orúkọ náà, “ẹrẹ̀” sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Amọ̀ inú ilẹ̀ yìí máa ń fa omi mọ́ra, kì í sì í tètè fi í sílẹ̀. Oòrùn lè gbẹ ojú rẹ̀ bí èèpá, kí inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ènìyàn lè rìn lórí èèpá yẹn láìsí ewu. Ọkọ̀ tí ó tó tọ́ọ̀nù kan yóò fọ́ ọ. Bí ẹrẹ̀ bá sì ti dí eyín táyà, yíyí rẹ̀ kò tún gbé ọkọ̀ lọ mọ́. Ihò nìkan ni ó ń gbẹ́.

Ẹrẹ̀ kan náà yìí ti ṣe àwọn baba wa lóore rí. Ní ọdún 1914 àti 1915, nígbà tí àwọn ará Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba amúnisìn Faransé, àbàtà tí ó yí wọn ká wà lára ohun tí ó sọ ọ̀nà di ìṣòro fún àwọn ọmọ ogun. Ohun tí ó jẹ́ odi fún wọn ni a wa ọkọ̀ wọ̀ láìbéèrè.

Rírì nìkan kọ́ ni ewu ọjọ́ náà. Ìtìjú mú wa kánjú. Ọ̀kan nínú wa gé ìtì igi, ó fẹ́ fi ṣéènì dè é mọ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kí wọ́n lè rí nǹkan tẹ̀ jáde. Ìyá Ẹgbẹ́ sáré dé, ó ń kígbe: “Ẹ pa á! Ẹ pa á!” Ẹni tí ó kọ́ wọn ní wíwa katakata ti kìlọ̀ fún wọn pé, bí táyà ẹ̀yìn kò bá lè yí, tí a sì fún ẹ̀rọ lágbára, ara ọkọ̀ ni yóò yí dípò táyà: iwájú a gbéra nílẹ̀, ọkọ̀ a sì dà sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí. Bákan náà ni ó lè rí bí a bá so okùn ìfà mọ́ ibi gíga lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ èyí, kò sí ẹni tí ó lè wo ojú awakọ̀ wa. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó mú ṣéènì lọ́wọ́.

A pa ẹ̀rọ. A tú ẹ̀rọ ìgékoríko kúrò kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Baba sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ọkọ́, kò sì bá wa wí. Ó ní ọ̀nà tí a gbà wọlé ni a ó gbà jáde, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbé wa rí. A kó ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ ikùn ọkọ̀, a gẹ́ ẹ̀yìn táyà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn obìnrin sì kó pákó àti imọ̀ ọ̀pẹ wá, a tẹ́ wọn síbẹ̀. A so okùn gígùn méjì mọ́ irin ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn kan fà á lápá ọ̀tún, àwọn kan lápá òsì, ẹnikẹ́ni kò sì dúró sí ọ̀nà táyà. Awakọ̀ rọra fi ọkọ̀ sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ mì, ó dúró, ó tún mì. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ó tó jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: lọ́jọ́ náà, a rí i bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ tó.

Lọ́jọ́ kejì, àdá ni a fi gé koríko apá ìsàlẹ̀. Ìjó wáyé, bọ́ọ̀lù wáyé, katakata sì kó àgbàdo àwọn ìyá wa délé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti ní Tógò, a kò sọ èyí kí ẹ lè sá fún ẹ̀rọ. Ó ń gba àwọn àgbà wa lọ́wọ́ ẹrù orí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ilẹ̀. Ẹni tí ó mọ ilẹ̀ ń bẹ lábẹ́ igi máńgòrò, kì í sì í pè wá lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ẹgbẹ́ ti so ọ̀pá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó katakata. Ẹni tí ó bá wá yá ọkọ̀, ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ gbà, kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́.